Agbè Ẹmu Tí A Kì Í Fi Ọṣẹ Fọ̀

Glasgow, Scotland
Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1978

Màámi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìmúra iléèwé tó ń wọlé bọ̀. Ṣé orúnkún tó ń dùn yín nígbà tí mo ń lọ ti fúyẹ́? Èmi wà láàyè. Òtútù ibí ló ń bá mi jà, àti oúnjẹ wọn tí kò mọ ata.

Mo rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ gbà. Aṣọ ìnujú funfun náà dé láìya, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu náà sì gbẹ mọ́ ọn lára gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ní kí ẹ ṣe é. Nígbà tí mo tú u, gbogbo àwọn tó wà ní yàrá ìṣèwádìí wa ló kóra jọ. Mo sọ fún wọn pé orí ọ̀pẹ bàbá mi ló ti wá, ní oko wa lọ́nà Ìyìn. Mo fi omi ṣúgà rẹ ẹ́, nígbà tó di ọjọ́ kejì ó ti ń hó. Mo sunkún, Màámi. Ọdún mẹ́jọ àti ààbọ̀ tí Bàbá ti lọ, mo ṣì ń rí ohun tó jẹ́ tiwọn tó ń mí.

Ẹ ní kí n ṣàlàyé iṣẹ́ tí mo ń ṣe, pé àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ń bi yín bóyá ẹmu dídá ni ọmọ yín lọ kọ́ ní ìlú òyìnbó. Ẹ sọ fún wọn pé wọn kò jìnnà sí òótọ́. Ohun tó ń mú ẹmu hó ni ohun tó ń mú búrẹ́dì wú. Ìwúkàrà ni. Ohun ẹlẹ́mìí ni, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó ń jẹ ṣúgà, kò sì lè jẹ ẹ̀gẹ́. Mo fẹ́ kọ́ ọ bí a ti ń jẹ ẹ̀gẹ́, kí èèpo tí a ń dà sẹ́yìn ilé gbogbo lè di ọtí líle tí a ó máa fi dáná, tí a ó máa rọ sínú ẹ̀rọ.

Kò ṣeé kọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan. Nínú ohun ẹlẹ́mìí gbogbo ni ìwé kékeré kan wà tí ó jogún lọ́wọ́ àwọn tó bí i, ibẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo ohun tó lè ṣe sí. Ojú ewé mẹ́ta ni mo fẹ́ fi kún ìwé yẹn, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan. Láti fi í kún un, a ní láti kọ́kọ́ bọ́ ẹ̀wù lára ìwúkàrà, kó wà níhòòhò kí ojú ewé náà lè wọlé. Omi inú ìgbín ni a fi ń bọ́ ọ. Mo mọ̀ pé èyí yóò pa yín lẹ́rìn-ín.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, díẹ̀ ni yóò gbà á, a kò sì lè fi ojú mọ̀ wọ́n. Nítorí náà, ìgbésẹ̀ kìíní ni pé kí n sọ ọ́ di aláìní. Màá mú kó pàdánù agbára láti se oúnjẹ mẹ́ta kan fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ojú ewé kọ̀ọ̀kan tí mo bá fún un, màá so ọ̀kan nínú oúnjẹ yẹn mọ́ ọn. Màá wá kó gbogbo wọn síbi tí oúnjẹ náà kò sí. Èyí tó bá gba ojú ewé yóò yè, ebi yóò pa àwọn yòókù. Àìní kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a lè lò ó. Bí mo bá fi ọ̀kan ṣòfò, kò sí òmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi lo oṣù mẹ́ta gbáko láti to ìgbésẹ̀ mẹ́rin náà sórí ìwé kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ní òpin ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, màá fi díẹ̀ pa mọ́ sínú yìnyín, kó lè jẹ́ pé bí èyí tó tẹ̀lé e bá bàjẹ́, mo níbi tí mo máa padà sí.

Ìwúkàrà òyìnbó kò fara da ooru. Tiwa ń ṣiṣẹ́ nínú agbè lórí ọ̀pẹ, nínú oòrùn ọ̀sán. Bí iṣẹ́ mi yóò bá wúlò ní Adó, orí tiwa ló gbọ́dọ̀ dúró lé. Ohun tí ẹ fi aṣọ ìnujú wé yẹn ni gbogbo rẹ̀ dúró lé.

Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún yín láti dé ọ̀dọ̀ Bàbá Òjó. Èmi gan-an, láti ọjọ́ tí Bàbá ti já lórí ọ̀pẹ, n kò tí ì kí wọn dọ́kàn. Àbúrò bàbá mi ni wọ́n, ṣùgbọ́n igbà tiwọn ni Bàbá fi gun ọ̀pẹ lọ́jọ́ náà, òun ló sì já. Síbẹ̀ ẹ lọ nítorí mi. Mi ò ní gbàgbé.

Ọmọ yín,
Monínúọlá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 1978

Monínúọlá ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí òtútù gbé ọ lọ. Orúnkún mi ṣì wà níbi tí o fi í sí. Ọmọ márùndínláàádọ́ta ni wọ́n kó sí kíláàsì mi lọ́dún yìí, èmi àti ẹfun ìkọ̀wé ni a jọ ń tán lọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan bí ìyá, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì bí olùkọ́. Olùkọ́ ní kí n sọ fún ọ pé ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ ti bàjẹ́. Ìyá ní kí n bi ọ́ pé, nínú ojú ìwé mẹ́ta tí o kọ, ìwúkàrà gba méjì àti ààbọ̀. Ta ni ó ń se oúnjẹ fún ọ? Ta ni ó ń bá ọ sọ Yorùbá? Ọkùnrin gidi kan kò tíì kí ọ káàárọ̀ láti ìgbà tí o ti débẹ̀? Mo sọ ọ̀rọ̀ ìgbín náà fún Ìyá Ọlátúbọ̀sún, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ó ní ìgbín tí kò lè bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀ ni yóò wá bọ́ ti ẹlòmíràn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀nà tí o gbà to iṣẹ́ rẹ wù mí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò. Ẹni tí kò mọ àròpọ̀, a kì í gbé ìsọdipúpọ̀ síwájú rẹ̀.

Nípa ti Òjó, má ṣe dá ara rẹ láàmú láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ìdí. Ohun tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ti dé, lò ó bó ṣe yẹ. Má kọ̀wé sí i.

Bí o bá rí owó díẹ̀, bá mi wá gíláàsì ojú. Mo ti ń di ìwé mú jìnnà bí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀.

Ọlọ́run yóò pa ọ́ mọ́.

Èmi ni ìyá rẹ


Glasgow
Ogúnjọ́, oṣù Kejì, ọdún 1979

Màámi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kú ọyẹ́. Gíláàsì ojú wà lọ́nà, ọmọ Ìlawẹ̀ kan tó ń bọ̀ wálé ni mo fi rán.

Mo ti parí ìgbésẹ̀ kìíní. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin kó tó pàdánù oúnjẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìgbésẹ̀ kejì náà ti bọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo da ẹgbẹẹgbẹ̀rún sórí àwo, méje péré ló yè. Méje yẹn, Màámi, mo kà wọ́n bí ẹni ń ka ọmọ. Ọ̀gá mi bọ̀ mí lọ́wọ́, òun tí kì í sọ̀rọ̀.

Ohun kan ló kù tí mo nílò lọ́dọ̀ yín. Ìwé kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ ọ̀rọ̀ sí fún ìwúkàrà kọ̀ọ̀kan tí a bá ń lò: ibi tó ti wá, ẹni tó kọ́kọ́ ní in, ọwọ́ tí ó ti kọjá kó tó dé ọwọ́ wa. Ọ̀gá mi kò fi ṣeré rárá. Ó ní ohun tí a kò mọ ìdílé rẹ̀, a kò lè gbára lé ìwà rẹ̀. Ẹ bá mi kọ ọ́ ránṣẹ́: ọ̀pẹ wo ni, ọjọ́ wo ni wọ́n dá ẹmu náà, ta ló gbé e sọ̀kalẹ̀.

Ẹ má bínú, mo ti kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí Bàbá Òjó. Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé, olùkọ́ ìjọ tó wà lẹ́bàá oko, ni mo fi í ránṣẹ́ sí, kó lè kà á fún wọn. Mo rò ó títí. Ẹni tó bá ṣe ọ́ lóore, bí o tilẹ̀ ní í sínú, ó yẹ kí o kí i. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.

Ọmọ yín,
Monínúọlá


Glasgow
Ọjọ́ kẹfà, oṣù Karùn-ún, ọdún 1979

Màámi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ń retí èsì lẹ́tà mi láti oṣù Kejì. Ọmọ Ìlawẹ̀ náà kọ̀wé pé òun ti fi gíláàsì lé yín lọ́wọ́, pé ara yín le. Nítorí náà, kì í ṣe àìsàn ló di yín lọ́wọ́.

Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìgbésẹ̀ kẹta, ọ̀gá mi ní kí a kọ́kọ́ fi ooru dán ìwúkàrà náà wò, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an, bó ṣe wà kí ọwọ́ mi tó kàn án. A gbé e sínú ooru tó ju ti ọ̀sán oṣù Kejì lọ díẹ̀ ní Adó. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti kú. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní yàrá wa lọ bu ìwúkàrà inú agolo tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọ̀nà tí a gbà yẹ̀ wọ́n wò, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Mi ò fẹ́ ro ohun tí mo ń rò. Màámi, mo fi orúkọ Bàbá bẹ̀ yín, níbo ni ohun tó wà lára aṣọ ìnujú yẹn ti wá? Ẹ dá mi lóhùn, kódà bó jẹ́ ìlà kan ṣoṣo.

Monínúọlá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹfà, ọdún 1979

Monínúọlá,

Ó wá láti ilé búrẹ́dì Adéyẹyè ní àdúgbò Adébáyọ̀.

Ìlà kan tí o ní kí n kọ nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti kọ ọ́ tí mo sì ya á. Gíláàsì tí o rà fún mi ni mo fi ń wo bí mo ṣe ń ya á.

Nígbà tí o kọ̀wé lọ́dún tó kọjá pé o fẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti oko, mo wọṣọ, mo dé ibùdókọ̀ Ìyìn lẹ́ẹ̀mejì, mo padà sílé lẹ́ẹ̀mejì. N kò lè wo ojú Òjó. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, òórùn búrẹ́dì ta sí mi nímú. Adéyẹyè ní ìwúkàrà ni òun ń lò, ó gbé agolo rẹ̀ hàn mí. Mo ní ìwúkàrà ni ìwúkàrà, kí ni ìyàtọ̀? Mo bu díẹ̀, mo pò ó mọ́ omi, mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ ìnujú bàbá rẹ, mo sá a síbòòji bí o ṣe wí. N kò mọ̀ pé o máa fi kọ́lé. Nígbà tí ó wá yé mi láti inú lẹ́tà rẹ, o ti bẹ̀rẹ̀, ojú sì tì mí.

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ́ ọmọ. Mo ti na ọmọ ní kíláàsì nítorí irọ́ tí kò tó ìdajì èyí. Má dárí jì mí kíákíá, n kò bẹ̀ ọ́ fún ìyẹn. Sọ ohun tí mo lè ṣe fún mi.

Ìyá rẹ


Glasgow
Ọjọ́ kìíní, oṣù Keje, ọdún 1979

Màámi,

Mo ka lẹ́tà yín lórí ìdúró. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ilé.

Oṣù mẹ́wàá ni. Mo fi ojú mi, mo fi oorun mi, mo fi gbogbo ara mi sí i. Mo dúró níwájú àwọn ènìyàn, mo ní bàbá mi ló ni ín. Wọ́n ti mọ̀ báyìí pé irọ́ ni, ojú tí wọ́n sì fi ń wò mí yàtọ̀. Ọ̀gá mi kò bá mi jà. Ó kàn ní bí ìgbésẹ̀ kìíní bá ti jẹ́ irọ́, gbogbo èyí tó tẹ̀lé e, bó ti wù kó dára tó, kò wúlò, kò sì sí ohun tí a lè tún ṣe sí òkè kí ìsàlẹ̀ lè dára. A ní láti padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó fún mi di òpin oṣù Kẹwàá. Bí n kò bá ní ìwúkàrà tó fara da ooru nígbà náà, wọn yóò gba àyè náà lọ́wọ́ mi, màá sì wálé láìgba oyè kankan.

Ẹ ní kí n sọ ohun tí ẹ lè ṣe. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Bàbá Òjó. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni. Ẹ gba gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láti inú agbè wọn, ẹ tẹ́ ẹ sórí aṣọ tó mọ́, ibòòji ni kí ẹ sá a sí, kó má kan iná. Mo mọ̀ pé ọkùnrin tí igbà rẹ̀ pa ọkọ yín ni mo ń rán yín sí. Bàbá tèmi náà ni. Bí ó bá gba pé kí n bẹ̀ wọ́n, màá bẹ̀ wọ́n.

Mo ń bínú, Màámi. Mi ò fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó.

Monínúọlá


Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, ọdún 1979

Monínúọlá ọmọ mi,

Jókòó kí o tó ka èyí. Bí o bá wà láàárín ènìyàn, ká a pọ̀, kí o dúró di ìgbà tí o bá dá wà.

Ohun tí o béèrè wà nínú àpò kejì. Mo dé ọ̀dọ̀ Òjó.

Mo wọ mótò Ìyìn ní Sátidé, wọ́n já mi sí ẹnu ọ̀nà oko. Àwọn èrò mótò kò sọ ju ọ̀rọ̀ ìbò lọ, ta ló wọlé, ta ni kò wọlé, n kò gbọ́ ìdajì rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án ni ẹsẹ̀ mi kò tẹ ọ̀nà yẹn. Mo rò pé n óò ṣìnà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ mi mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Mo bá a lábẹ́ ahéré, ó ń pọ́n ọ̀bẹ ẹmu. Irun rẹ̀ ti funfun tán. Mo kúnlẹ̀. Ọkọ mi ni, bí mo tilẹ̀ jù ú lọ́jọ́ orí. Ó ní, "Ìyàwó, ẹ dìde. Ulẹ̀ tutù."

Kí n tó rí ọ̀rọ̀ sọ, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó fa lẹ́tà rẹ yọ níbẹ̀, èyí tí o kọ ní oṣù Kejì. Ó ti gbó ní gbogbo ojú ibi tí wọ́n ká a. Ó ní, "Akínwálé kà á fún mi. Ọmọ ń dúpẹ́ ohun tí n kò fún un. Mo ní kó pa ìwé dé, kó má sọ fún ẹnì kankan. Mo mọ̀ pé ẹ ó wá." Láti ìgbà yẹn ló ti ń retí mi, Monínúọlá. Kò ránṣẹ́ sí mi, kò sì fẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni.

Mo sọ ohun tí o fẹ́. Ó nawọ́ sí òpó, ó gbé agbè kan sọ̀kalẹ̀. Mo dá a mọ̀ kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Agbè bàbá rẹ ni, èyí tí iná jó ní ìdí. Ọrùn rẹ̀ ti là, wọ́n ti fi okùn rán an. Mo wo inú rẹ̀, mo rí bí ìdí rẹ̀ ti nípọn, mo ní kí ló dé tí kò fi fọ̀ ọ́. Ó wò mí bí mo ṣe máa ń wo ọmọ kíláàsì kìíní.

Ó ní, "A kì í fi ọṣẹ fọ agbè ẹmu. Ìdí ẹmu àná ló ń mú tòní hó. Ẹni tó bá fọ̀ ọ́ kanlẹ̀, omi dídùn ni yóò máa mu. Èyí tó wà níbẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi Adéníran ló fi í sílẹ̀ lórí ọ̀pẹ láàárọ̀ ọjọ́ tó já. Ọjọ́ kẹta ni mo gùn ún, mo bá agbè níbẹ̀, ẹmu ti kún un dé ẹnu. Mo dà á, mo ṣẹ́ ìdí rẹ̀ kù. Láti ọjọ́ náà, òní ni ẹ rí i yìí, kò tíì gbẹ rí."

Mo gbé agbè náà lé itan. Mo ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní Òkè-Ìlá, ọdún mẹ́sàn-án ni mo sì fi rò pé ohunkóhun kò kù lọ́wọ́ Adéníran mọ́ àfi àwòrán tó wà lára ògiri. Ohun tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ń hó lójoojúmọ́ ní oko tí mo kọ̀ láti wọ̀.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dìde kí n máa bọ̀. Ṣùgbọ́n o kọ ọ́ sí mi pé bí ìgbésẹ̀ kìíní bá jẹ́ irọ́, kò sí ohun tí a lè tún ṣe sí òkè kí ìsàlẹ̀ lè dára. Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Irọ́ mìíràn wà tí mo pa fún ọ, ó ti pẹ́ ju ti búrẹ́dì lọ.

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò rẹ jáde, o ti sáré lọ sọ fún ìyá mi. Inú mi dùn kọjá ààlà. Mo pe àwọn olùkọ́ àti àwọn àgbà ìjọ sí ilé fún ìrọ̀lẹ́, mo tẹ̀lé bàbá rẹ lọ sí oko láti gbé ẹmu wálé. Ti àárọ̀ kò tó mi. Mo ní kó tún lọ wo ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn. Igbà tirẹ̀ ti já lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ti Òjó ló ń lò. Òjó wò ó, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, igbà yìí ti ń gbó, ẹ jẹ́ kí n hun òmíràn ná." Bàbá rẹ gbé e sílẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, Monínúọlá. Èmi ni mo ní, "Lọ́jọ́ tí ọmọ kan ṣoṣo tí o bí yege, igbà ni o ń bẹ̀rù?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé e.

Nígbà tí o dé tí o bá òkú nílé, o bi mí pé igbà ta ni. Mo ní ti Òjó ni. Kì í ṣe irọ́. Nítorí pé kì í ṣe irọ́ ni mo ṣe lè dì í mú fún ọdún mẹ́sàn-án. Mo wí i lójú gbogbo ẹbí nígbà ìsìnkú, mo sì jẹ́ kí o kórìíra rẹ̀.

Mo sọ fún Òjó pé n óò kọ ọ́ sí ọ. Ó pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ títí, n kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ fún un." Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi gbèjà ara rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ náà ti pàdánù bàbá. Bí mo bá la ẹnu, yóò pàdánù ìyá. Àbúrò bàbá ni èmi. Ó lè kórìíra mi, kó sì yè."

Mo sunkún lójú rẹ̀, n kò bò ó. Ó bu ẹmu fún mi láti inú agbè náà, èmi tí n kò fi ẹnu kàn án láti ọdún yẹn, mo mu ún tán.

Ohun tó wà lára aṣọ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ, ibòòji ahéré rẹ̀ ló gbẹ sí. Iná kò kàn án. N kò fi ọwọ́ kàn án àfi láti ká a. Bí o kò bá fẹ́ kọ̀wé sí mi mọ́, yóò yé mi. Ṣùgbọ́n kọ̀wé sí Òjó.

Ọmọ́wùnmí, ìyá rẹ


Glasgow
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Kọkànlá, ọdún 1979

Màámi,

Ẹ kú ìfojúsọ́nà. Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Mo gba lẹ́tà yín ní oṣù Kẹsàn-án, mo sì bẹ̀rẹ̀ èsì rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, inú mi dùn pé mi ò fi ránṣẹ́.

Mo bínú sí yín. Mo bínú débi pé mo máa ń bá yín sọ̀rọ̀ sókè nínú yàrá mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ibi tí Bàbá ti rẹ́rìn-ín, mo máa ń dákẹ́. Nítorí èsì ìdánwò mi ni ẹ ṣe fẹ́ ẹmu náà. Mo ń yangàn kiri ilé ìyá àgbà lọ́wọ́ nígbà náà. Mo ti rò ó títí, mi ò rí ibi tí mo máa gbé ẹ̀bi náà lé tí yóò dúró. Ó ń dùn mí síbẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ó ti tán.

Mo kọ̀wé sí Bàbá Òjó. Mo ní kí Ọ̀gbẹ́ni Akínwálé kà á lẹ́ẹ̀mejì, kó sì kà á sókè. Mi ò lè kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún yín, àwọn ni mo kọ ọ́ sí.

Ìwúkàrà náà dé láàyè. A gbé e sínú ooru tó pa ti àkọ́kọ́. Ó hó ní ọjọ́ kìíní, ó hó ní ọjọ́ kejì, ní ọjọ́ kẹta ó ti ìdérí ìgò kúrò. Ọ̀gá mi dúró tì í, ó ní wọ́n fún mi ní ọdún kan sí i. Mo ti kó gbogbo iṣẹ́ àtijọ́ dà nù. Mo ti padà sí ìgbésẹ̀ kìíní, mo tún fẹ́ sọ ọ́ di aláìní. Ó le ju ti ilé búrẹ́dì lọ, kò fẹ́ jọ̀wọ́ ohunkóhun. Mo mọ ibi tí ó ti jogún rẹ̀.

Ẹ sọ fún Bàbá Òjó kí wọ́n má fọ agbè náà. Bí ara wọn kò bá gbé gígun ọ̀pẹ mọ́ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n gbé e wá fún yín ní Òkè-Ìlá. Ẹ ó máa bu omi ṣúgà sí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì sọ ohun tó bá wù wọ́n.

Mo kọ ìwé tí mo sọ fún yín nígbà kan, èyí tí a fi ń mọ ìdílé ìwúkàrà. Níbi tó ti wá, mo kọ oko wa lọ́nà Ìyìn. Ẹni tó kọ́kọ́ ní in, mo kọ Adéníran Bámgbóyè. Ẹni tó pa á mọ́ láàyè, mo kọ Òjó Bámgbóyè. Ó wá ku ẹni tó fi í ránṣẹ́. Ọwọ́ mi dúró níbẹ̀ pẹ́. Ọ̀gá mi rí i, ó ní bí n kò bá fẹ́, kí n fi àyè náà sílẹ̀ ní òfìfo, kò ní ṣe nǹkan kan.

Mo kọ orúkọ yín sí i, Màámi. Bírò ni mo fi kọ ọ́, èyí tí kò ṣeé pa rẹ́.

Ọmọ yín,
Monínúọlá